Ilé Sẹlẹsitínì Tí Báǹkì Kò Rí Tà

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń wá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò mi, tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ni ẹ lè kọ́ tí yóò bọ́ yín, mo ti gbọ́ ìbéèrè yín. Èmi kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju iṣẹ́ màsọ́ọ̀nù lọ, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní bíríkìlà. Òun ni mo ṣe láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n mi títí di ìgbà tí eékún mi kọ̀ láti gun àkàbà. Bí ẹ bá rò pé ká máa to bíríkì lé ara wọn ni gbogbo iṣẹ́ náà, ẹ farabalẹ̀. Ilé kì í dìde bí kò bá sí owó nídìí rẹ̀, ibi tí owó náà sì ti wá ló máa ń sọ bí ilé yóò ṣe rí àti ẹni tí yóò sùn nínú rẹ̀. Mo ti rí ohun tó jẹ́ pé bí mo bá rántí rẹ̀ títí di òní, ṣe ni mo máa ń yanu sílẹ̀ láìmọ̀.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gùn rárá. Bàbá mi mú mi láti abúlé Kpingni wá sí ìlú Dásà, wọ́n fà mí lé Ọ̀gá Tòmáàsì lọ́wọ́, wọ́n gbé ìgò sódabì kan, ìyẹn ògógóró, kalẹ̀, wọ́n sì padà sóko. Owó tí mo ń gbà nígbà náà kò tó ohun tí ènìyàn ń ròyìn. Ọ̀gá ni mo fẹ́ ròyìn.

Ènìyàn kúkúrú ni Ọ̀gá Tòmáàsì, ṣùgbọ́n wọ́n le. Ògiri amọ̀ la ń mọ nígbà náà. A ó mọ ìpele kan, a ó fi sílẹ̀ kí oòrùn gbẹ ẹ́ dénú, kí a tó gbé òmíràn lé e. Èmi tí ara ń yá, mo máa ń fẹ́ gbé èyí tó kàn lé e nígbà tí abẹ́ ṣì tutù. Ọ̀gá á dé, wọ́n á fi ìka kan tì í. Bó bá gbà fún ìka wọn díẹ̀ báyìí, wọ́n á ní kí n wó o. Kì í ṣe ìpele òkè nìkan o, gbogbo rẹ̀ ni, dé ìsàlẹ̀. Wọn kì í pariwo, wọn kì í na ènìyàn. Wọ́n á kàn jókòó sórí òkúta, wọ́n á máa wò mí bí mo ṣe ń fi ọwọ́ ara mi wó iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo ti sunkún nídìí ògiri tí kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Ọjọ́ kan, ẹni tó ni ilé fúnra rẹ̀ wá bẹ Ọ̀gá. Ìyàwó rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ, ó sì fẹ́ kí wọ́n wọ ilé kí ọmọ tó dé. Ọ̀gá ní kó lọ sọ fún ọmọ inú pé ògiri kò tíì gbẹ. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé ọkùnrin náà yóò lé wa lọ, nítorí èmi kò tíì rí ẹni tó ń bá ẹni tó gbéṣẹ́ fún un sọ̀rọ̀ báyẹn. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì lọ gbé gàárì àti ẹ̀pà wá fún wa. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ọmọ tí wọ́n ń kánjú nítorí rẹ̀ ti ní ọmọ ọmọ nínú rẹ̀.

Nígbà náà, kò sí ẹni tó ń bi ara rẹ̀ pé níbo ni lágbájá ti rí owó kọ́lé. Gbogbo wa la mọ̀. Àáró ni. Àwọn ọ̀rẹ́ á kóra jọ, wọ́n á po amọ̀ fún ẹnì kan lọ́dún yìí, wọ́n á bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí páànù wọ̀lú, ọ̀rọ̀ owó wọ̀ ọ́, àáró sì di àjọ, èyí tí gbogbo wa ń pè ní tọ́ńtínì báyìí. Ẹni tó bá kàn a ra páànù. Ẹni tí kò bá tíì kàn a fi koríko bo tirẹ̀, a sì máa dúró. Ilé lè wà láìlórí títí àwọn adìyẹ á fi sọ ọ́ di tiwọn, kò sì sí ẹni tí yóò fi ẹni tó ni ín ṣe yẹ̀yẹ́, torí ilé ti gbogbo wa náà rí bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ni bíríkì oní-sìmẹ́ǹtì dé, tòun ti rọ́bà olómi tí a fi ń wo bóyá ògiri dọ́gba, àti irin tí a ń há sínú òpó. Mi ò ní gbàgbé ọjọ́ tí Ọ̀gá kọ́kọ́ rí ilé tí wọ́n fi bíríkì báyẹn kọ́ lẹ́bàá títì ńlá tó lọ sí Parakú. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, koríko ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá fi ìka ti ògiri náà, kò gbà. Wọ́n tún un tì, kò gbà. Wọ́n lọ jókòó sórí òkúta. Èmi rò pé wọn yóò ṣépè fún sìmẹ́ǹtì. Ohun tí wọ́n sọ yà mí lẹ́nu ju èpè lọ.

"Dẹnísì, ta ló rí gbogbo owó yìí lẹ́ẹ̀kan náà?"

Èmi kò mọ̀. Bí èmi náà ṣe wá di ọ̀gá láàyè ara mi, tí mo ní ọmọ iṣẹ́, tí mo sì ra ẹ̀rọ tó ń po sìmẹ́ǹtì, ni mo wá ń mọ ẹni tó ń rí i.

Ẹ mọ bí oṣù kẹjọ ṣe máa ń rí nílùú wa. Àwọn èrò Arígbó á dé láti Kùtọnu, láti Parakú, láti Tógò, láti Nàìjíríà, wọ́n ń bọ̀ wá gbàdúrà níwájú ihò àpáta Màríà tó wà ní Arígbó. Ilé ìtura kò lè gbà wọ́n. Gbogbo ìdílé á kó ẹrù wọn síta, wọ́n á gbé yàrá fún èrò, àwọn fúnra wọn á tẹ́ ẹní sí àgbàlá. Ibẹ̀ làwọn kan ti rí i pé yàrá kan tó ní bẹ́ẹ̀dì àti omi, owó ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé tí wọn kò ní gbé inú rẹ̀ láéláé. Èyí nìkan tó láti mú kí Ọ̀gá Tòmáàsì yí padà nínú ibojì wọn. Ilé láìsí onílé!

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n gbà ń rí owó rẹ̀. Àwọn kan di tọ́ńtínì mú, wọ́n ń kọ́ yàrá kan, wọ́n ń háyà rẹ̀, wọ́n ń fi owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ èkejì. Ilé wọn máa ń rí jágbajàgba, yàrá yìí ga, tọ̀hún kúrú, ṣùgbọ́n tiwọn ni. Àwọn kan gba owó lọ́wọ́ èrò ṣáájú. Ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan láti Kùtọnu á ra páànù àti ilẹ̀kùn, wọ́n á sì máa sùn níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù kẹjọ fún ọdún mélòó kan. Ó dára, àmọ́ ẹni tó ṣe é á máa wo àlejò tó kún ilé rẹ̀, kò sì ní í rí kọ́bọ̀ gbà lọ́wọ́ wọn. Àwọn mìíràn á fún ẹlòmíràn nílẹ̀ pé kó kọ́lé sí i, kó máa gbowó rẹ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá dá, kó wá fi ilé sílẹ̀ fún onílẹ̀. Èyí náà dára bí ẹni tó kọ́ ọ kò bá fi sìmẹ́ǹtì ṣahun. Èmi mọ èyí tó fi ṣahun. Wọ́n dá ilé padà fún onílẹ̀ tán, òrùlé tẹ̀lé wọn jáde.

Báǹkì sì wà. Mi ò ní purọ́ mọ́ báǹkì. Owó rẹ̀ máa ń dé bó ṣe ní yóò dé, ilé á sì parí nínú ẹ̀ẹ̀rùn kan. Ẹni tó ní owó oṣù tí kì í yẹ̀, tó sì ń kọ́ ilé tí èrò ń wọ̀ látìgbà dégbà, báǹkì lè sàn fún un ju tọ́ńtínì tí olówó rẹ̀ lè gbé àpótí sá lọ. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni fótò. Wọn kì í kó gbogbo owó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọkùnrin kan á wá pẹ̀lú fóònù, á ya ìpìlẹ̀, wọ́n á fún yín ní owó ògiri. Á ya ògiri, wọ́n á fún yín ní owó òrùlé. Mo ti rí onílé tó ń bẹ̀ mí pé kí n gbé ògiri sókè bó tilẹ̀ tutù, kó sáà lè hàn nínú fótò. Èmi tí mo wó ògiri ara mi nítorí ìka ènìyàn kan! Mo kọ̀, ó lọ gba màsọ́ọ̀nù mìíràn.

Ibẹ̀ la wà nígbà tí ọ̀rọ̀ Sẹlẹsitínì dé. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ̀gbọ́n mi, Fòfó Bẹnuwá, àgbẹ̀ ni wọ́n. Fòfó la ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin lọ́dọ̀ wa. Sẹlẹsitínì nìkan ló kù lọ́wọ́ wọn nínú àwọn ọmọ wọn. Nọ́ọ̀sì ni ní Parakú, orí rẹ̀ pé, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ kan ní Kùtọnu fún àwọn tó fẹ́ máa kọ́lé háyà, ó sì ti ibẹ̀ wá kí mi.

Ó ní, "Bàbá Kékeré, ọ̀nà méjì ni wọ́n kọ́ wa. Báǹkì ni ọ̀nà àtijọ́ tí gbogbo ayé mọ̀. Tọ́ńtínì, owó àsansílẹ̀, àti irú wọn, ọ̀nà mìíràn nìyẹn, ọ̀nà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé."

Mo gbé ife omi mi kalẹ̀. Mo bi í pé ní Dásà yìí, ṣé báǹkì ló ṣáájú tọ́ńtínì dé? Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òun náà ronú kàn án nínú kíláàsì, òun kò kàn lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ti pinnu. Báǹkì ló ń lọ. Ó fẹ́ kọ́ ilé èrò tí yóò ní yàrá méjìlá àti sàlọ́ọ̀nù ńlá kan láàárín, ìyẹn yàrá ìgbàlejò, lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Báǹkì fẹ́ kí ohun kan dúró fún owó náà, ohun tí wọ́n sì fẹ́ ni ìwé ilẹ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí. Fòfó ní in. Nígbà kan tí aládùúgbò fẹ́ wọ inú ilẹ̀ wa ni Fòfó lọ tò lọ́fíìsì títí wọ́n fi rí ìwé náà gbà. Òun nìkan ṣoṣo ni ìwé tí mo mọ̀ wọ́n mọ́ tí wọ́n ń tọ́jú. Mo ní kí Sẹlẹsitínì kọ́ yàrá méjì ná pẹ̀lú tọ́ńtínì àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀, kó wo bí ọjà ṣe rí. Ó ní bí òun bá ń kọ́ yàrá méjìméjì, òun yóò ti fẹ̀yìn tì kí òrùlé tó kàn án. Òótọ́ ni, kò sí irọ́ níbẹ̀. Fòfó gbọ́ tẹnu àwa méjèèjì, wọ́n sì dìde lọ mú ìwé náà wá. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ò ju "Ọmọ mi ni" lọ.

Èmi ni mo kọ́ ilé náà, mo sì kọ́ ọ dáadáa. Èmi ni mo tẹ́ kàrò, ìyẹn táìlì, sí sàlọ́ọ̀nù rẹ̀ fúnra mi, ó ń dán tí ènìyàn fi lè wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Oṣù kẹjọ àkọ́kọ́, ilé kún. Sẹlẹsitínì ń sáré kiri pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, Fòfó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń kí gbogbo ẹni tó wọlé bí ẹni pé àwọn ló pè wọ́n. Inú mi dùn dénú.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni àrùn tó ká gbogbo ayé mọ́lé yẹn dé, ìjọba sì ní kí ènìyàn má péjọ. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé náà ní oṣù kẹjọ, mo wo títì tó lọ sí Arígbó. Ewúrẹ́ ló ń rìn lórí rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ Dásà, èmi kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹni tó fi tọ́ńtínì kọ́ yàrá kéékèèké, ìyà jẹ ẹ́, àmọ́ kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ti Sẹlẹsitínì, owó báǹkì kò mọ̀ pé èrò kò wá. Oṣù parí, wọ́n ń retí rẹ̀. Ó ń fi owó oṣù rẹ̀ san títí kò fi lè jẹun dáadáa mọ́, àwọn ọdún tó tẹ̀lé e kò sì tètè gbéra. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wọ́n sílẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wísíyè dé. Òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ ni, ẹni tó máa ń gbé ìwé ẹjọ́ kiri. Ó kí wa pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn, ó sì kà á fún wa. Wọn yóò ta ilé. A ti ń bẹ̀rù ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé ìwé tí Fòfó gbé sílẹ̀ kò mọ sí orí ilé nìkan. Gbogbo ilẹ̀ náà ló wà lórí rẹ̀, láti etí títì títí dé ẹsẹ̀ òkè, níbi tí bàbá àti ìyá wa sùn sí. Mo ní kí ọkùnrin náà tún un kà. Ó tún un kà. A ti fi bàbá wa dúró fún owó, àwa kò sì mọ̀.

A sá sókè, a sá sódò. Tọ́ńtínì ìdílé, tọ́ńtínì àwọn nọ́ọ̀sì, gbogbo wọn fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tọ́ńtínì kò lè rí gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀kan. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó nìyẹn, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún yín. Sẹlẹsitínì padà sí Parakú, ojú rẹ̀ ti wọ inú.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Fòfó ránṣẹ́ pè mí pé kí n gbé dígà àti ṣọ́bìrì wá sí ilé náà. Mo rò pé omi ló ń jò. Mo bá wọn ní sàlọ́ọ̀nù, wọ́n ti fi ẹfun fa ìlà sórí kàrò mi, ó yí ibi tó gùn tó ènìyàn ká. Màsọ́ọ̀nù ni mí, mo mọ ohun tí ìwọ̀n yẹn wà fún. Lọ́dọ̀ wa, baálé máa ń sùn sínú ilé rẹ̀ tó bá kú, kò sì sí ẹni tí yóò ra ilé tí bàbá ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀.

Mo bi wọ́n pé, "Ta ló kú, Fòfó?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ìwọ sáà gbẹ́ ẹ. Kó gba ẹsẹ̀ mi dáadáa o, o mọ̀ pé mo ga."

Àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì tí mo mú dání gbé ṣọ́bìrì kalẹ̀, wọ́n sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Mo sọ fún Fòfó pé èmi kò lè gbẹ́ ibojì fún ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní, "Ó dáa. Mi ò ní bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́ títí o fi máa gbẹ́ ẹ tán."

Wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n, mo bínú, mo tún bẹ̀ wọ́n. Wọ́n jókòó lórí àga, wọ́n ń wòkè. Níkẹyìn, èmi tí eékún ń dùn gbé dígà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ kàrò tí mo fi ọwọ́ ara mi tẹ́. Mo gbẹ́ ẹ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Mo fi bíríkì yí inú rẹ̀ ká, mo rẹ́ ẹ, torí bó bá jẹ́ ìwọ̀sí náà ni, iṣẹ́ mi kì í ṣe jágbajàgba. Nígbà tí mo parí, Fòfó bọ́ bàtà, wọ́n wọ inú rẹ̀, wọ́n sùn, wọ́n sì ní ibi orí há díẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni Sẹlẹsitínì wọlé. Ó ti gbọ́ pé bàbá òun ń gbẹ́ nǹkan nínú ilé, ó wọ mọ́tò wá láti Parakú. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni orí bàbá rẹ̀ tó yọ láti inú ilẹ̀ sàlọ́ọ̀nù rẹ̀, tí wọ́n ní "Ẹ káàbọ̀, màmá mi." Kò pariwo. Ó kàn jókòó sílẹ̀ láìwo ibi tó ń jókòó sí.

Àwọn tó fẹ́ ra ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò ó. Olówó kan wá láti Kùtọnu pẹ̀lú mọ́tò ńlá, ó yẹ yàrá wò, ó yìn ín, ó wá dé sàlọ́ọ̀nù. Fòfó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, wọ́n ń jẹ dùńdún. Ọkùnrin náà béèrè pé kí nìyí. Fòfó ní, "Tèmi ni. Ẹ ra ilé yín, ẹ má bẹ̀rù. Mo máa wá nígbà tí àsìkò mi bá tó." Ọkùnrin náà lọ, kò tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀ dáadáa kí ó tó gbéra. Gbogbo àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀, bákan náà ni.

Báǹkì wá rán ọmọkùnrin fótò. Ó dúró létí ihò náà, ó ń wo Fòfó, ó ń wo ihò, ó ya fótò. Ó yíjú sí mi.

"Bàbá, kí ni kí n kọ sábẹ́ èyí?"

Mo ní kó kọ ọ́ pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́.

Ọjọ́ títà pé, kò sí ẹni tó dá iye lé e. Wọ́n tún ọjọ́ mìíràn dá, kò sẹ́ni tó yọjú. Níkẹyìn, ọ̀gá báǹkì pe Sẹlẹsitínì, wọ́n sì gbà kó máa san díẹ̀díẹ̀, kó pẹ́ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rò pé a ti bọ́. Lẹ́yìn náà ni mo bi ara mi pé èrò wo ni yóò wá sùn nílé tí ibojì ń yanu láàárín rẹ̀. A ti gba ilé náà sílẹ̀, a sì ti pa á.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí kò tíì yé mi di báyìí. Oṣù kẹjọ dé, èrò Arígbó padà. Àwọn obìnrin kan wọlé wá wo yàrá, wọ́n rí arúgbó kan tó jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì ara rẹ̀. Wọn ò sá. Wọ́n kúnlẹ̀. Wọ́n ní ẹni mímọ́ ni èyí, ẹni tí kò bẹ̀rù ikú, kó jọ̀wọ́ kó rántí àwọn nínú àdúrà. Fòfó tó jẹ́ pé Kérésìmesì nìkan ni wọ́n ń dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wò mí, mo wò wọ́n. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kò sí yàrá kan tó ṣófo, àwọn kan sì ń tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó ṣe ń rí lọ́dọọdún nìyẹn. Owó èrò àti tọ́ńtínì àwọn nọ́ọ̀sì pa pọ̀, gbèsè náà sì ń lọ sílẹ̀ títí ó fi tán.

Ọjọ́ tí báǹkì dá ìwé ilẹ̀ padà, Sẹlẹsitínì gbé e wá fún bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé e lọ́wọ́ wọn. Gbogbo wa ń yọ̀. Ó wá fi ayọ̀ náà sọ pé ọ̀gá báǹkì ti yin òun, wọ́n ní nítorí pé òun san án dé kọ́bọ̀ ìkẹyìn, àwọn ṣe tán láti fún òun ní èyí tó pọ̀ jù ú lọ, kí òun fi kọ́ òkè sí ilé náà. Ìwé kan náà ni wọn yóò tún gbé sílẹ̀.

Fòfó wo ìwé náà. Wọ́n ní kí n po sìmẹ́ǹtì, kí n wá dí ihò náà.

Mo sọ fún wọn pé wọ́n mọ̀ pé a kì í dí ibojì lófìfo. Àwọn àgbà ìdílé ti sọ pé bí a bá fẹ́ dí i, ká sin igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, kó má baà máa pe ènìyàn. Fòfó ní òun ní ohun tó sàn ju igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ. Wọ́n bọ́ aṣọ funfun tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà Kérésìmesì lọ́rùn, wọ́n fi wé ìwé ilẹ̀ náà bí a ṣe ń wé òkú, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ ihò náà.

Ọwọ́ mi dá dúró lórí ṣọ́bìrì. Sẹlẹsitínì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Bàbá, ó wà nínú kọ̀ǹpútà ìjọba. Bí mo bá lọ sọ lọ́fíìsì pé ó sọnù, wọ́n á tẹ òmíràn fún mi."

Fòfó gbójú sókè wò ó.

"Mo mọ̀. Tí wọ́n bá bi ọ́ pé níbo ló sọnù sí, kí lo máa sọ?"

Sẹlẹsitínì wo inú ihò náà, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà, ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ mi, ó sì fúnra rẹ̀ da yẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ sí i.